Owó epo Kazakhstan àti iná tó ràn ní Zhanaozen

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo gbọ́ pé Kazakhstan ní epo rọ̀bì bíi tiwa, pé wọ́n gbé olú-ìlú wọn kúrò níbi tó wà bí a ṣe gbé tiwa kúrò ní Èkó, pé wọ́n sì ní owó ìfipamọ́ tó tó 60 bílíọ̀nù dọ́là. Kí ló wá dé tí wọ́n fi dáná sun ilé ìjọba lọ́dún 2022 nítorí owó gáàsì lásán? Ta ló ń ṣèjọba níbẹ̀ gan-an? Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ ẹnjiníà epo rí iṣẹ́ sí Tengiz, ìyá wa sì ń bẹ̀rù.”

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó jáde lára Sófíẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń tọpa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè yín sì fọwọ́ kan ibi tó ń dun àwọn ará Kazakhstan fúnra wọn gan-an. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí a ṣe ń lọ: ìjọba wọn mọ owó í fi pamọ́, ṣùgbọ́n kò fún aráàlú láyè ọ̀rọ̀ sísọ. Owó wà nílé, ẹnu ni kò sí. “Gáàsì lásán” tí ẹ sọ yẹn, kì í ṣe gáàsì lásán.

Zhanaozen ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iná ti ràn. Ìlú elépo ni, ní ìpínlẹ̀ Mangystau, ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, nítòsí Òkun Caspian. Aṣálẹ̀ ló yí i ká. Ní àwọn ọdún 1960 ni Sófíẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ dó nítorí epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Páìpù ló ń gbé omi odò Volga wá sí ìpínlẹ̀ náà láti Rọ́ṣíà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ oko, nítorí náà oúnjẹ tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n ń rà, ó sì máa ń wọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn níbẹ̀ kì í lo bẹntiróòlù. Gáàsì ni wọ́n ń rà sí i, irú gáàsì tí àwa ń rà sínú sílíńdà láti fi dáná.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní 2022, ìjọba yọwọ́ nínú iye tí wọ́n ń tà á. Lítà kan tó jẹ́ 60 tenge, owó ilẹ̀ wọn, di 120. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra lítà 60 sọ́kọ̀, 3,600 tenge ló ń san tẹ́lẹ̀. Ó di 7,200. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin lọ́dún yẹn sì jẹ́ 60,000. Ríra gáàsì lẹ́ẹ̀kan péré ti gba ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní 2012 mọ bó ṣe ń rí: a sùn, epo jẹ́ 65 náírà, a jí, ó ti di 141. Ọdún mẹ́wàá géérégé ló wà láàárín méjèèjì.

Ìlú yìí tún ní ọgbẹ́ tí kò tíì jinná. Ní ọdún 2011, àwọn òṣìṣẹ́ epo ibẹ̀ yanṣẹ́ lódì fún oṣù méje nítorí owó iṣẹ́ wọn. Wọ́n dúró sí gbàgede ìlú nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n dúró títí òtútù fi dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè náà pé ọmọ ogún ọdún lómìnira, ìjọba fẹ́ ṣe àríyá ní gbàgede yẹn kan náà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá sì yìnbọn. Ó kéré tán, ènìyàn 14 ló kú gẹ́gẹ́ bí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe sọ. Àwọn tí wọ́n ti lẹ́yìn yìnbọn fún wà nínú fídíò tí gbogbo ayé rí. Nítorí náà, nígbà tí owó gáàsì di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn tó jáde kò jáde pẹ̀lú ọkàn òfìfo.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ni wọ́n jáde. Láàárín ọjọ́ méjì, ìwọ́de ti dé Almaty, ìlú tó tóbi jù lọ, tó wà ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà pátápátá. Ìjọba sáré dá owó gáàsì padà, kódà wọ́n dín in kù sí 50 tenge ní Mangystau. Àwọn ènìyàn kò lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń pariwo ti yàtọ̀: “Shal, ket!” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Baba arúgbó, máa lọ!” Ẹ ó rí i pé orúkọ gáàsì kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n dáná sun ilé ìjọba ìlú Almaty, àwọn kan gba pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n jí ẹrù kó ní ṣọ́ọ̀bù. Olórí ìjọba, Askar Mamin, àti gbogbo mínísítà rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì. Ààrẹ Kassym-Jomart Tokayev ké sí àjọ ààbò tí Rọ́ṣíà jẹ́ aṣáájú fún, àwọn ọmọ ogun àjèjì tó lé ní 2,000 sì wọlé. Ní ọjọ́ keje, ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ti pàṣẹ kí wọ́n máa yìnbọn pani láìkìlọ̀. Ènìyàn 238 ló kú nínú iye tí ìjọba kéde. Ọmọdé wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wúwo lọ́kàn mi bí mo bá ń kọ ọ́, torí títí di òní, ọ̀pọ̀ ìdílé kò rí ìdájọ́ tó tẹ́ wọn lọ́rùn lórí ẹni tó pa èèyàn wọn.

Ìjà àárín àwọn alágbára náà wọ inú rẹ̀. Karim Massimov, tó jẹ́ ọ̀gá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà náà, ni wọ́n mú láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní 2023 ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 18 nítorí ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Èmi gbà pé nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ pọ̀: ìbínú òdodo látọ̀dọ̀ aráàlú, àti àwọn ìsọ̀rí méjì láàfin tí wọ́n ń fa agbára mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì sọ òótọ́ tán.

Ta wá ni baba arúgbó náà? Nursultan Nazarbayev ni. Wọ́n bí i ní 1940 ní abúlé Chemolgan lẹ́bàá Almaty, ọmọ tálákà ni. Nídìí iná ìléru iléeṣẹ́ irin Temirtau ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti gun àkàsọ̀ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ní oṣù Kejìlá 1986, Mikhail Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, yọ olórí ẹgbẹ́ náà ní Kazakhstan, Dinmukhamed Kunaev, tó jẹ́ ọmọ Kazakh, ó sì fi Gennady Kolbin rọ́pò rẹ̀, ọmọ Rọ́ṣíà tí kò gbé ilẹ̀ náà rí. Àwọn ọ̀dọ́ jáde sínú yìnyín ní Almaty, wọ́n lù wọ́n, wọ́n kó wọn dà sẹ́wọ̀n, àwọn kan kú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Nazarbayev bọ́ sí ipò náà. Ó di ààrẹ ní oṣù Kẹrin 1990, kò sì kúrò títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 2019.

Nazarbayev kò fẹ́ kí Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká. Kazakhstan ló kéde òmìnira kẹ́yìn nínú gbogbo wọn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1991, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà, Ukraine àti Belarus ti fọwọ́ sí ìtúká láìsí òun níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí Nàìjíríà kó ìjọba lọ sí Abuja ni. Ohun tó bá lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ń dẹ́rù bani: ilẹ̀ tó tóbi tó Nàìjíríà lọ́nà mẹ́ta tí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù 16, bọ́ǹbù núkílíà tó lé ní 1,400, àti ibi tí wọ́n ti ń dán bọ́ǹbù wò ní Semipalatinsk, níbi tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti yin 456 láàárín 1949 sí 1989, tí àwọn ará abúlé sì ń fi ara gba èérí rẹ̀. Ó pa ibẹ̀ tì ní oṣù Kẹjọ 1991, ó sì dá gbogbo bọ́ǹbù náà padà sí Rọ́ṣíà títí di 1995. Mo máa ń bọlá fún un lórí ìyẹn. Bí mo bá fẹ́ bá a wí, n kò ní fi tibẹ̀ kún un.

Ìṣòro kejì ni pé àwọn onílẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wọn. Ní ìkànìyàn 1989, Kazakh kò ju nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ọmọ Rọ́ṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn. Ìyàn ló fà á. Láàárín 1930 sí 1933, Stalin, tó ń ṣe olórí Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, fipá gba màlúù, ẹṣin àti àgùntàn lọ́wọ́ àwọn darandaran, ó ní kí wọ́n jókòó sójú kan kí wọ́n máa ṣe oko ìjọba. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn kú, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ Kazakh. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn Kòríà, àwọn Jámánì tó ń gbé etí Volga, àti àwọn Chechen wá síbẹ̀ tipátipá, kí Khrushchev, tó jọba lẹ́yìn Stalin, tó tún kó àgbẹ̀ láti Rọ́ṣíà àti Ukraine wá ní 1954 láti fi àríwá gbin àlìkámà. Lónìí Kazakh ti tó ìdá 70, iye ènìyàn sì kọjá mílíọ̀nù 20 ní 2023.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ olú-ìlú tí ẹ béèrè. Ní oṣù Kejìlá 1997, Nazarbayev kó ìjọba kúrò ní Almaty lọ sí ìlú kan ní pápá àríwá tí òtútù rẹ̀ máa ń tó 40 nísàlẹ̀ òdo. Almaty wà ní kọ̀rọ̀ gúúsù, ilẹ̀ sì máa ń mì níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n kéde nìyẹn. Ìdí tó wà nínú rẹ̀ ni pé àríwá kún fún àwọn ọmọ Rọ́ṣíà, ó sì fẹ́ kí àwọn Kazakh kún ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé tòun ni. Orúkọ ìlú náà nìkan tó ìtàn: Akmolinsk, Tselinograd, Akmola, Astana ní 1998, Nur-Sultan ní 2019, ó tún padà di Astana ní 2022. Láàárín ìlú náà, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bayterek, ibi tí èèyàn ti ń wòran lókè rẹ̀ ga ní mítà 97 nítorí ọdún 1997. Bí ẹ bá gun òkè rẹ̀, ẹ ó rí wúrà kan tí àtẹ́lẹwọ́ Nazarbayev tẹ̀ sí lára. Àwọn àlejò máa ń tò, wọ́n á ki ọwọ́ tiwọn bọ inú ọwọ́ náà, wọ́n á sì tọrọ ohun tí wọ́n fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú ìjọba tí wọ́n ṣe fún ọdún 29, ọwọ́ wúrà yẹn ni kó wò. Ní ìdìbò 2015, ìdá 97.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka owó.

Àwọn ọdún 1990 kò dára rárá. Ilé iṣẹ́ ń kógbá wọlé, owó oṣù ń fa oṣù mélòó kan lẹ́yìn, àwọn ọmọ Rọ́ṣíà àti Jámánì ń kó lọ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 1993, wọ́n gbé owó tiwọn jáde, tenge, tí wọ́n ti tẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba 500 rúbù lọ́wọ́ ẹni, wọ́n fún un ní tenge kan. Dọ́là kan kò tó tenge márùn-ún nígbà náà. Lónìí ó wà ní nǹkan bí 500.

Epo ló gbé wọn dìde. Ní oṣù Kẹrin 1993, Nazarbayev bá Chevron ṣe àdéhùn lórí Tengiz, ibi epo ńlá tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti rí láti 1979 ṣùgbọ́n tí agbára wọn kò ká, torí epo náà wà nísàlẹ̀ jíjìn, gáàsì olóró tó ń pani wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín in lónìí nìyí: Chevron ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ExxonMobil ní 25, iléeṣẹ́ ìjọba KazMunayGas ní 20, Lukoil ti Rọ́ṣíà ní 5. Ẹ wo ìpín ìjọba dáadáa. Owó orí àti owó ìjẹ́-onílẹ̀ ni wọ́n fi ń gba púpọ̀ nínú tiwọn, ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò já sí aráàlú lọ́wọ́, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń bí wọn nínú.

Kashagan yàtọ̀, ìyà gidi ni. Inú Òkun Caspian ló wà, níbi tí omi kò jìn, tí omi náà sì máa ń di yìnyín fún oṣù bíi márùn-ún. Ọkọ̀ tàbí pèpéle elépo tí a mọ̀ kò lè dúró níbẹ̀, nítorí náà wọ́n da òkúta sínú òkun, wọ́n fi ṣe erékùṣù. Wọ́n rí epo yìí ní 2000. Oṣù Kẹsàn-án 2013 ni epo àkọ́kọ́ jáde. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí páìpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán, torí gáàsì olóró náà ti ń jẹ irin rẹ̀. Wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n hú nǹkan bí 200 kìlómítà páìpù, wọ́n ri òmíràn, ó di oṣù Kẹwàá 2016 kí epo tó tún jáde. Owó tó ti wọlé síbẹ̀ lé ní 50 bílíọ̀nù dọ́là.

Ìṣòro tí àwa kò ní ni ti etíkun. Nàìjíríà ń gbé epo sọ́kọ̀ ojú omi láti Bonny tàbí Forcados, ó ti wọ òkun ńlá nìyẹn. Kazakhstan kò ní òkun tó já sí ibì kankan. Caspian fúnra rẹ̀, adágún ni. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún epo tí wọ́n ń tà ló ń gba inú páìpù kan ṣoṣo tó gùn ní 1,500 kìlómítà, láti Tengiz kọjá nínú Rọ́ṣíà dé èbúté Novorossiysk. Ẹni tó bá di ọ̀nà yẹn mú ló di ọ̀fun wọn mú. Ní oṣù Kẹfà 2022, Tokayev jókòó pẹ̀lú Vladimir Putin lórí pèpéle ní St Petersburg, ó sì sọ lójú rẹ̀ pé Kazakhstan kò ní ka Donetsk àti Luhansk, agbègbè méjì ní Ukraine tí Rọ́ṣíà ń tì lẹ́yìn, sí orílẹ̀-èdè. Kò pẹ́ tí ilé ẹjọ́ Rọ́ṣíà kan fi ní kí wọ́n ti páìpù náà fún ọgbọ̀n ọjọ́ nítorí ìwé ètò epo dídànù, kó tó di pé wọ́n yí i sí owó ìtanràn. Ẹ̀yin náà lè so ó pọ̀. Ní oṣù Kejì 2025, dírónù Ukraine tún kọlu ibùdó tó ń ti epo náà lọ nínú Rọ́ṣíà. Ogun tí kì í ṣe tiwọn, àpò wọn ló ń dun.

Ọ̀rọ̀ 60 bílíọ̀nù wá ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní 2000, wọ́n dá àpò ìfipamọ́ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, wọ́n wo bí Norway ṣe ṣe tirẹ̀. Owó orí tí àwọn elépo ńlá ń san kì í kọ́kọ́ wọ inú àpò ìnáwó ìjọba. Inú àpò yẹn ló ń lọ tààrà, ìjọba á wá máa yọ iye tí òfin fọwọ́ sí lọ́dọọdún. Iye tó wà níbẹ̀ ń lọ sókè sódò yíká 60 bílíọ̀nù dọ́là. Bí a bá pín in fún mílíọ̀nù 20, ó jẹ́ 3,000 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Irú àpò tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bílíọ̀nù kan, fún èrò tó pọ̀ jù tiwọn lọ fíìfíì. Níbi tí mo ti ń yìn wọ́n nìyí, mo sì ń yìn wọ́n tọkàntọkàn. Láti 2024 pàápàá, wọ́n ń pín ìdajì èrè àpò náà sí orúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ti ọdún àkọ́kọ́ tó nǹkan bí 100 dọ́là lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò lè fi kàwé tàbí rà ilé bó bá dàgbà.

Ṣùgbọ́n ta ló ń pinnu ìgbà tí wọn yóò yọ nínú rẹ̀? Ààrẹ ni. Nígbà tí báńkì wọn dá wó ní 2008 sí 2009, nǹkan bíi 10 bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n yọ láti gbà wọ́n là, aráàlú kò sì dìbò lé e. Lẹ́yìn ìjà 2022, Tokayev fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ènìyàn 162 péré ló ni ìdajì ọrọ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ àti àna ààrẹ àtijọ́ wà lára àwọn tó lówó jù. Ọrọ̀ ajé wọn lé ní 260 bílíọ̀nù dọ́là ní 2023, bí ẹ bá pín in lórí orí, ó ju tiwa lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Síbẹ̀ ẹni tó ń wa epo ní Zhanaozen kò mọ ọ̀nà tó lè gbà fi ìbò yọ ẹni tó ń ṣe é níbi kúrò. Ìwọ́de nìkan ló kù fún un.

Epo nìkan kọ́ ni wọ́n ní o. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún yuréníọ̀m tí ayé ń wà, ohun tí wọ́n fi ń pèsè iná núkílíà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá, síbẹ̀ èédú ni wọ́n fi ń pèsè púpọ̀ nínú iná wọn. Ní oṣù Kọkànlá 2022, páìpù omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru bẹ́ ní Ekibastuz, ìlú èédú fúnra rẹ̀, nígbà tí òtútù tó 30 nísàlẹ̀ òdo. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ìdá 71 nínú àwọn tó dìbò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ilé iná núkílíà lẹ́bàá adágún Balkhash. Lọ́dọ̀ ẹni tí Semipalatinsk ṣẹlẹ̀ sí, ìpinnu tó le ni.

Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣèjọba gan-an. Tokayev ni báyìí, kò sì sí baba kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ èdè Ṣáínà, ó sì ti ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva. Nazarbayev ló fi í sípò ní 2019, ó sì rò pé òun á máa darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn: òun di alága ìgbìmọ̀ ààbò mú, ọmọ rẹ̀ obìnrin Dariga di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní 2022, nígbà tí Almaty ń jó, Tokayev gba ipò alága náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, aráàlú dìbò yọ oyè “Elbasy”, aṣáájú orílẹ̀-èdè, kúrò nínú òfin. Wọ́n tún yí òfin padà kí ààrẹ máa lo ọdún méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tokayev wọlé lábẹ́ òfin yẹn ní oṣù Kọkànlá 2022 pẹ̀lú ìdá 81.

Àtúnṣe ni, n kò ní sọ pé kì í ṣe àtúnṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìbò sílé aṣòfin ní oṣù Kẹta 2023, ẹgbẹ́ ààrẹ kan náà, tó pààrọ̀ orúkọ láti Nur Otan sí Amanat, ló gba àga 62 nínú 98, àwọn ẹgbẹ́ tó ń takò ìjọba ní tòótọ́ kò sì rí ìwé ẹ̀rí gbà láti díje. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá àwọn aládùúgbò wọn gbé ni mo fẹ́ràn jù lọ́dọ̀ Tokayev. Ààlà Kazakhstan pẹ̀lú Rọ́ṣíà gùn tó 7,600 kìlómítà, kò sí ààlà orí ilẹ̀ aláìdánudúró tó gùn tó o láyé. Ṣáínà wà ní ìlà-oòrùn, ó ń ra epo, ó ń ra gáàsì, Astana ni Xi Jinping sì ti kéde ètò ọ̀nà òwò ńlá rẹ̀ ní 2013. Kazakhstan wà nínú ẹgbẹ́ òwò tí Rọ́ṣíà ń darí, ó ń ta epo fún Yúróòpù, ó sì ń gbìyànjú láti máa gbé ẹrù gba Caspian lọ sí Baku ní Azerbaijan kó má bàa gba Rọ́ṣíà kọjá. Ẹni tó wà láàárín àwọn wọ̀nyẹn kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo ara fẹ̀yìn ti ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí Nàìjíríà fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe, màá ní kí a mú àpò ìfipamọ́ náà, pàápàá bí owó ṣe ń wọ ibẹ̀ tààrà kí ọwọ́ òṣèlú tó kàn án. A kò gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ wúrà.

Ti àbúrò yín wá kù. Ẹ sọ fún ìyá pé Tengiz jìnnà sí Almaty bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí Almaty ń jó, epo kò yéé jáde níbẹ̀. Ọjọ́ 28 níṣẹ́, ọjọ́ 28 nísinmi ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, inú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbé. Ẹ̀ẹ̀rùn gbóná, òtútù sì le ju ohunkóhun tó ti rí lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó fi sọ́kàn ni pé ní oṣù Kẹfà 2019, àwọn òṣìṣẹ́ Kazakh àti àwọn àjèjì láti ilẹ̀ Lárúbáwá jà níbẹ̀ nítorí fọ́tò kan tó bu obìnrin Kazakh kan kù lójú wọn, ọ̀pọ̀ farapa. Fọ́tò ló ṣẹ́ ìṣáná, ṣùgbọ́n ohun tó ti wà nílẹ̀ ni pé àjèjì àti onílẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, owó wọn kò sì dọ́gba. Kó má ṣe sọ owó oṣù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kó ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kó rí i pé ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń san ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ rẹ̀ àti owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. Èdè Rọ́ṣíà díẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí onílẹ̀ kan bá ṣe é lóore, kó sọ “rakhmet.” Bí wọ́n ṣe ń sọ “ẹ ṣé” ní èdè Kazakh nìyẹn, ojú ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò á tàn.